Èsì: “ìkànnì agbàlejò-ara-ẹni”, ta ló ń gba ta lálejò?

Láti Ọ̀yọ́:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka lẹ́tà tí ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Peckham, ní London, fi ránṣẹ́, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn oníṣòwò wa bí èèyàn ṣe lè dá ìkànnì tirẹ̀ sílẹ̀ kí èrò máa wọ́ wá. Wọ́n ṣiṣẹ́. Ra orúkọ, gba àyè lórí sáfà (kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ kan tí ìkànnì ń gbé), gbé WordPress tí wọ́n fi ń ṣe ìkànnì sí i, kọ ohun tí àwọn èèyàn ń wá: kò sí èyí tó ṣì nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Wọ́n pe irú ìkànnì bẹ́ẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “self-hosted”, ní “ìkànnì agbàlejò-ara-ẹni”.

Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo rẹ́rìn-ín. Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì, inú bí mi. Agbàlejò ara ẹni! Ẹni tó kan ilẹ̀kùn ara rẹ̀, tó sáré lọ ṣí i, tó kí ara rẹ̀ káàbọ̀, tó tún bu omi tútù fún ara rẹ̀ mu. Ní àdúgbò tiwa, ẹbí irú ẹni bẹ́ẹ̀ là ń ránṣẹ́ pè.

Mo mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n máa sọ. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ìní ni, pé “agbàlejò ti ara ẹni” ni wọ́n ní lọ́kàn. Ó dáa. Ká ní orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kọ́ńsónáǹtì ló tẹ̀lé e ni, à bá gbọ́ fáwẹ̀lì olóhùn àárín yẹn, bí a ṣe ń gbọ́ ọ nínú “ilé e Dàda”. Ṣùgbọ́n fáwẹ̀lì ló bẹ̀rẹ̀ “ara”, nítorí náà nǹkan kan kò hàn, etí á sì gba ọ̀nà tó yá jù lọ: ó gba ara rẹ̀ lálejò. Ẹni tó bá fẹ́ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ fi etí ẹni tí kò mọ ohun tó ń rò gbọ́ ọ.

Èyí tó tún bí mi nínú jù ni pé nínú lẹ́tà kan náà, “àlejò” ni wọ́n pe àwọn tó ń wá ka ìkànnì. Ìyẹn tọ́. Ṣùgbọ́n bí òǹkàwé bá jẹ́ àlejò, tí ilé-iṣẹ́ tó ni sáfà sì jẹ́ agbàlejò, kí ni oníṣòwò tó ni ìkànnì? Ìkejì àlejò nínú èdè wa, onílé ni. Onílé ń jẹ èso gbìngbindò, àlejò ní kí wọ́n ṣe òun lọ́wọ́ kan ẹ̀wà. Ẹni tó wá wo ẹtù lórí ìkànnì àbúrò mi, àbúrò mi ni onílé rẹ̀. Kò mọ ẹni tó ni sáfà, kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Tèmi rèé, ẹ bá mi wò ó. Nígbà tí bàbá mi dá oko kòkó lápá Oǹdó, ọdọọdún ni wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀. Kòkó ni tiwọn, abà ni tiwọn, ilẹ̀ kì í ṣe tiwọn. Ẹ sọ fún mi ibi tí owó sáfà ti yàtọ̀ sí èyí. Ẹ̀rọ jẹ́ ti onílẹ̀, ohun tí o gbìn sí i jẹ́ tìrẹ, ọdún á yípo, wàá sanwó. Ìṣákọ́lẹ̀ ni! Ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó dé. (Mo gbà pé ó kù síbì kan: bàbá mi kò lè hú igi kòkó kó o lọ sóko ẹlòmíì, àmọ́ ẹni tó bá ṣe ẹ̀dà ìkànnì rẹ̀ pa mọ́ lè kó o lọ sórí sáfà mìíràn láàárín ọjọ́ kan.)

Ẹni tó ń tajà lórí Facebook nìkan, ayálégbé ni ìyẹn, kì í tilẹ̀ ṣe ti yàrá kan, ti ojú fèrèsé ni. Àwọn tó dàgbà ní Ìbàdàn á rántí àpótí rédíò Rediffusion tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà fà wọlé níbẹ̀ ní 1939. Bàbá àgbà wa san owó oṣù lórí rẹ̀. Bọ́tìnì kan ló ní, èyí tó ń gbóhùn sókè tó ń gbé e sílẹ̀. Ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lo máa gbọ́. Ìdí tí orúkọ “asọ̀rọ̀mágbèsì” fi dùn nìyẹn: àwọn èèyàn jókòó ti nǹkan náà, wọ́n wo ìwà rẹ̀, wọ́n wá sọ ọ́ lórúkọ. Wọn kò ṣí ìwé atúmọ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n máa já a ní ẹyọ-ẹyọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn mí. Ìsẹ́yìn ni àbúrò mi obìnrin ti ń ta aṣọ òkè: sányán, àlàárì, ẹtù. A fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan lówó pé kó bá a ṣe ìkànnì. Ó ṣe é, ó rẹwà. Orúkọ tó parí sí .com.ng ló rà, àmọ́ orúkọ ara rẹ̀ àti ímeèlì ara rẹ̀ ló fi rà á. Ọdún kejì dé, ìwé ìránnilétí owó orúkọ náà lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, òun ti kó lọ sí ìlú mìíràn, fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́. Ọjọ́ tí ìyá ìyàwó kan ti Ìbàdàn wá bá a torí aṣọ ẹbí, àbúrò mi na fóònù sí i kó wo àwọn àwọ̀. Ojúewé funfun kan ló yọ, tó ní orúkọ náà wà fún títà. Ìyá náà wo fóònù, ó wo àbúrò mi, ó ní, “Ṣé ẹ ti kó kúrò ni?” Ká ní ẹnikẹ́ni ti pe owó yẹn ní ìṣákọ́lẹ̀ fún un ni, àbúrò mi ìbá ti béèrè orúkọ ẹni tó wà nínú ìwé ilẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ ni. “Agbàlejò” kò lè kọ́ ọ nírú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀.

Ó ku kékeré kan. Nínú lẹ́tà ẹ̀gbọ́n, ìlà kẹrìndínlógún, wọ́n ní kí a ṣiṣẹ́ kí “súnkẹrẹ-fàkẹrẹ” lè pọ̀ lórí ìkànnì wa. Ẹ dákun! Ta ló ń gbàdúrà súnkẹrẹ-fàkẹrẹ? Ẹni tó ti há sí Ojota rí kò ní gbà á lérè. “Traffic” ti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n túmọ̀ bẹ́ẹ̀, èrò ni wọ́n ń wí. Ọjà tó tà, èrò ló ń wọ́ síbẹ̀.

Ọmọ yín ni mí o, ẹ má bínú.

Láti Peckham:

Àbúrò mi, mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélógún, nítorí náà ẹ má fi “ilé e Dàda” kọ́ mi. Asọ̀rọ̀mágbèsì tí ẹ ń yìn, ṣé àpótí yẹn ló ń sọ̀rọ̀? Ẹni tó jókòó sí ilé-iṣẹ́ rédíò ló ń sọ̀rọ̀. Ẹnu ti mọ́ ọn lára, ó wá dùn létí yín. Ẹ fún “agbàlejò” ní ọgbọ̀n ọdún, tiẹ̀ náà á dùn.

Lórí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, mo jẹ̀bi. Àárẹ̀ ló mú mi lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹnìkan tún béèrè bóyá ká fi àmì ohùn sí orúkọ ìkànnì. Mo sọ pé rárá. Orúkọ tó ní àmì, ohun tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “xn--” ni ẹ̀rọ ń sọ ọ́ dà lábẹ́lẹ̀, kálukú sì ń tẹ “aso oke” lásán nígbà tó bá ń wá a lórí Google. Nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ bá kọ sójú ìkànnì, ẹ fi àmì sí i dáadáa, kí àwọn ọmọ rí i kà. Ó dùn mí pé títí dòní, “ọ̀” kò ní ẹyọ lẹ́tà tirẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà gbogbo èdè, àyàfi kí a kọ “ọ” ká tó gbé àmì gùn ún lórí. Ìyẹn ni ìjà tó yẹ ká máa jà.

Láti Modákẹ́kẹ́:

Mi ò kì í dá sí ọ̀rọ̀ níbí, mo kàn ń kà ni. Ẹni tó bá gbé ọ̀dọ̀ wa láàárín 1997 sí 2000, nígbà ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, kò ní fi ìṣákọ́lẹ̀ ṣe orúkọ nǹkan tó fẹ́ kí èèyàn fẹ́ràn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni nínú ilé wa. Ẹ wá òmíràn.

Láti Ọ̀yọ́:

Ẹ má bínú, mi ò ro tibẹ̀. Bàbá mi san tiwọn tayọ̀tayọ̀ ni, tàbí bóyá ohun tí wọ́n fi hàn wá ni wọ́n ń ṣe. Màá tún un rò. Ẹni tó kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀ pé “ìsákọ́lẹ̀” ni, pé kò sí ṣ níbẹ̀, kó wá sọ ọ́ ní gbangba, mo ní èsì fún un.

Ẹ̀gbọ́n Peckham, mi ò tíì gbà. Ọgbọ̀n ọdún ti pọ̀ jù láti fi gba ara ẹni lálejò.

Àbúrò mi pè mí láàárọ̀ yìí. Ó ti ra orúkọ mìíràn, orúkọ ara rẹ̀ ló fi rà á lọ́tẹ̀ yìí, ó sì ti san ti sáfà mọ́ ọn. Mo ní kí ló pe owó tó san náà nínú ìwé ìṣirò rẹ̀. Ó ní, “Owó ilé, kí ló tún kù?”