Fíláàṣì mi ń tàn nínú ilé, tó bá dìta kì í gbọ́ mọ́

ayàwòrán_tuntun:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí. Mo gbé fíláàṣì sórí stand lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí mo ń yà torí tó bá wà lórí kámẹ́rà, ojú èèyàn á kàn funfun pẹrẹsẹ. Fíláàṣì kékeré àtijọ́ kan ni mo kì sórí kámẹ́rà láti máa fi pè é. Nínú yàrá ó dáa gan-an, ṣùgbọ́n tí mo bá dé ìta lọ́sàn-án, tó bá tàn lẹ́ẹ̀kan á kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, èyí tó tàn gan-an, apá kan fọ́tò náà á dúdú bíi pé wọ́n fi páálí bò ó. 1/500 ìṣẹ́jú àáyá ni mo gbé ṣọ́tà (ìlẹ̀kùn tó ń ṣí fún ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà) sí nítorí oòrùn. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

ìmọ́lẹ̀_díẹ̀:
Kò bàjẹ́ o. Ìmọ́lẹ̀ fíláàṣì kékeré yẹn ni fíláàṣì orí stand ń dúró dè kó tó tàn, nínú yàrá ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún á ta lára ògiri kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, níta kò sí ògiri, oòrùn á tún bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ kọ ojú sẹ́ńsọ̀ ẹ̀ (ibi tó fi ń rí ìmọ́lẹ̀) sí kámẹ́rà, ẹ jẹ́ kó kẹ̀yìn sóòrùn. Èyí tó dáa jù ni trigger onírédíò (ẹ̀rọ tó ń fi rédíò pe fíláàṣì, ọ̀kan lórí kámẹ́rà, ọ̀kan lára fíláàṣì), 2.4GHz ni ọ̀pọ̀ ń lò, kò dìgbà tí wọ́n bá ríra wọn, ṣáà ti jẹ́ kí channel wọn bára mu.

òjìji_dára:
Tí dúdú yẹn ńkọ́, ṣọ́tà ló fà á. Aṣọ méjì ló wà nínú ṣọ́tà, tó bá ti ju nǹkan bíi 1/200 tàbí 1/250 lọ, ìkejì á ti máa bò kí ìkíní tó ṣí tán, fíláàṣì ò sì pẹ́ kó tó kú, ibi tí aṣọ bá bò nígbà tó tàn á dúdú. Kámẹ́rà yín ò mọ̀ pé fíláàṣì wà lórí òun ni ò ṣe dá yín dúró. Ẹ wá sí 1/200, ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí) 100, kẹ́ ẹ sì dín ojú lẹ́ńsì (ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé) kù. HSS (ọ̀nà tí fíláàṣì fi ń bá ṣọ́tà tó yára jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣiṣẹ́) wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ agbára fíláàṣì gan-an. Ẹ sún iná mọ́ èèyàn, torí láti mítà 1 sí mítà 2, ìdá mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ ló ń ku ẹyọ kan.

ayàwòrán_tuntun:
Ẹ ṣé gan-an ni! Dúdú ti lọ. Nírọ̀lẹ́ mo tún wá sí 1/60, ẹ̀yìn ẹni náà mọ́lẹ̀ sí i, ojú ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ṣé bó ṣe yẹ nìyẹn?

òjìji_dára:
Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣọ́tà lẹ máa fi bá ojú ọjọ́ sọ̀rọ̀, ẹ fi ojú lẹ́ńsì àti agbára iná bá fíláàṣì sọ̀rọ̀. Ẹ fi fọ́tò náà hàn wá.