Ṣé ó yẹ kí odò ní ẹ̀tọ́ bí èèyàn?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìrònú: Ẹ̀yin ará ẹ jọ̀ọ́, ní 2017 ilé aṣòfin New Zealand ṣòfin pé odò Whanganui ti di ẹni kan lójú òfin o, wọ́n lè gbẹjọ́ lọ sí kóòtù lórúkọ ẹ̀. Ṣé kì í ṣe àṣejù nìyẹn? Lójú tèmi torí èèyàn la ṣe ń tọ́jú omi, tí ò bá sẹ́ni tó ń mu ún, kí ló wá kàn wá?

Màmá Kẹ́hìndé: Àṣejù bíi ti báwo? Ṣebí kọ́ńpìnnì náà jẹ́ ẹni lójú òfin, kò sì lẹ́jẹ̀ lára. Àwọn Māori, ìyẹn àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, ti bá ìjọba fà á ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, ẹbí ni wọ́n ka odò yẹn sí, kì í ṣe dúkìá. Èèyàn méjì ló ń gbẹnu sọ fún un, ìjọba yan ọ̀kan, àwọn náà yan ọ̀kan.

Lọ́yà_Kékeré: Ẹ má gbàgbé Íńdíà o. Ọdún yẹn náà ni kóòtù ìpínlẹ̀ Uttarakhand sọ odò Ganga àti Yamuna di ẹni, ìjọba ìpínlẹ̀ wá ní tí omi bá ya pa èèyàn ńkọ́, ta ló máa sanwó? Supreme Court dá ìdájọ́ yẹn dúró ní July.

Ọmọ Òṣogbo: Ẹ tiẹ̀ wo ilé ná. UNESCO ti fi igbó Ọ̀ṣun sára àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé láti 2005, Yèyé là ń pe odò yẹn, síbẹ̀ àwọn tó ń wa góòlù ti sọ omi ẹ̀ di ẹrẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìrònú: Hmm. Tó bá wá délé ẹjọ́, ta ló máa sọ̀rọ̀ fún Ọ̀ṣun, Àtáọ́ja, àwòrò àbí gómìnà?