Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ọmọ mi tí kò mu ọyàn: yírùnyírùn ni

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni mo béèrè nípa ọmọ ọjọ́ 16 tí ara rẹ̀ gbóná, tí kò mu ọyàn, tí àwùjẹ̀ rẹ̀ wú. Ẹni tó ní kí n má dúró dilẹ̀ mọ́, kí wọ́n fa omi ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ wò, òun ló gbà wá. Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ yẹn bà mí (ìyá ọkọ mi ní yóò rọ ọmọ lẹ́sẹ̀!), àmọ́ omi náà ló tú àṣírí: Cronobacter, kòkòrò tó ṣọ̀wọ́n, tó máa ń wà nínú mílíìkì agolo nígbà mìíràn.

Oògùn àkọ́kọ́, ampicillin àti gentamicin, kò fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Nígbà tí èsì jáde, wọ́n yí i sí meropenem, ọjọ́ 21 gbáko. Ọjọ́ kẹta ni ibà lọ.

Ìmọ̀ràn tí ẹ fún mi pé kí n máa fún un ní ọyàn nìkan kò bọ́ sí i tán, torí omi ọyàn mi ò tó. Omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, tí kò tíì tutù kọjá 70°C, ni mo fi ń po mílíìkì báyìí. Ó di ìgbà tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí n tó fún un. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, mo dà á nù. Ẹ̀rọ tí mo fi ń fún ọyàn náà, mò ń sè é.

Wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀, kò sí ọyún níbẹ̀. Etí òsì ni kò yege ìdánwò. A ó padà lọ lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n á sì tún wọn orí rẹ̀. Ẹ ṣé o. Ti àgbo tí ẹnìkan ní kí n fún ọmọ, mi ò dán an wò.