Ẹbí ní ká ṣe DNA fún àwọn ọmọ olóògbé kí wọ́n tó pín ilé

Aládìrẹ Ìtòkú:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ṣaláìsí fi ilé kan sílẹ̀ ní Ìtókò, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Níbi ìpàdé ẹbí, àbúrò bàbá wa dìde, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò ní gba kọ́kọ́rọ́ àfi táwọn ọmọ bá ṣe DNA. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ò fọhùn, ó kàn ń wé etí ìborùn mọ́ ìka. Àbíkẹ́yìn wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ojú tó fi wò mí kò kúrò lọ́kàn mi.

Ní báyìí, wọ́n ní kí n wá fi itọ́ mi sílẹ̀ kí wọ́n fi wé tàwọn ọmọ, torí èmi àti olóògbé jọ jẹ́ ọmọ ìyá, ọmọ bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ àwọn ọmọ yìí lórúkọ, òun ló ń sanwó iléèwé wọn títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ṣé mo lè kọ̀?

Lọ́yà Ìbarà:
Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, mà. Ẹ lè kọ̀. Ìpàdé ẹbí kì í ṣe kóòtù. Òfin Ẹ̀rí ti 2011, abala 165, sọ pé ọmọ tí ìyàwó bí nínú ìgbéyàwó tó bófin mu, ọmọ ọkọ ni, àfi tí ẹni tó ń jiyàn bá mú ẹ̀rí wá. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti 2023 náà ka ìsọfúnni inú DNA mọ́ èyí tó gba ìṣọ́ra gidi.

Ọmọ Láàbù, Òkè-Ìlewò:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọn ò sọ fún yín. Bàbá àti ọmọ pín ìdajì DNA. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ àbúrò bàbá wọn àti ọmọ, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ni, nítorí náà èsì lè má dájú rárá, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ọmọ bàbá rẹ̀ gan-an lọmọ náà. Èyí tó tún wá burú ni pé tí èsì bá yapa, kò ní sọ ibi tí ìyapa ti wá. Ó lè jẹ́ lọ́dọ̀ ìyàwó. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀yin àti olóògbé ni ẹ kì í ṣe ọmọ bàbá kan náà. Ṣé àbúrò bàbá yín ṣe tán láti gbọ́ ìyẹn nípa ìdílé tiwọn?

Ọmọ Ẹ̀gbá l'Amẹ́ríkà:
Ẹ má fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì o. Lọ́dún 2023, àwọn olè jí ìsọfúnni nǹkan bíi mílíọ̀nù 6.9 èèyàn ní 23andMe, ọ̀kan lára àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń fi itọ́ ṣe àyẹ̀wò DNA. Bí ẹnì kan bá fi itọ́ sílẹ̀, ó ti fi ti gbogbo ẹbí sílẹ̀ nìyẹn, a ò sì bi wọ́n.

Aládìrẹ Ìtòkú:
Ẹ ṣeun gan-an. Ìyá mi ṣì wà láyé, n kò ní jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí kàn wọ́n. Mo máa sọ fún ẹbí lọ́jọ́ Àìkú pé n kò ṣe. Lọ́yà, ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni wọ́n ṣe. Ṣé fọ́tò ìdána tó láti fi jẹ́rìí ìgbéyàwó náà?

Lọ́yà Ìbarà:
Fọ́tò dáa, àmọ́ àwọn tó jókòó níbi ìdána ló dáa jù. Ẹ tètè kọ orúkọ wọn sílẹ̀, mà.