Kòrónà àti iṣẹ́: ta ló fara gbá jù, ọ̀dọ́ àbí àgbà?

Ọmọ Ìjàpọ̀:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará Àkúrẹ́. Àtàná lèmi àti bàbá mi ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí. Mo ní àwa ọ̀dọ́ ni kòrónà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa jù, torí NBS, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ìṣirò Nàìjíríà, ní láàárín ọdún 2020, 27.1% ni àìríṣẹ́ṣe ní Nàìjíríà, ti àwa tá a wà láàárín ọdún 15 sí 34 sì jẹ́ 34.9%, nígbà tí ọdún fi máa parí tiwa ti di 42.5%. Bàbá mi ní àwọn àgbà ló jìyà ẹ̀ jù. Kí lẹ̀yin rí?

South Gate:
Òótọ́ lo sọ jàre. Ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nítòsí yunifásítì FUTA, ọmọ ọdún 23 ni mí nígbà yẹn. Wọ́n ti súkúù pa ní March 2020, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, náà wà lórí ìyanṣẹ́lódì títí dé December, ta ló fẹ́ wá tẹ project? Ọ̀gá ní káwa mẹ́ta máa lọ sílé ná, òun á pè wá. Kò pe ẹnì kankan. Ìgbà tí mo padà lọ wo ibẹ̀, aláǹgbá ti yé ẹyin síbi tá a ń ki pépà sí.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ pẹ̀lẹ́ ọmọ mi. Ṣùgbọ́n bàbá yẹn ò parọ́ o. Tíṣà ni ọkọ mi ní súkúù aládàáni kan l'Ọ́bà-Ilé, ẹni ọdún 54. Látìgbà tí wọ́n ti tì í kò sówó oṣù, nígbà tí wọ́n wá ṣí i wọ́n ní àwọn ọmọ kékeré tó mọ kọ̀ǹpútà làwọn fẹ́. Gbogbo ibi tó gbé létà lọ ni wọ́n ti ń sọ pé bàbá ẹ lọ sinmi, ó sú u, ó jókòó.

Alágbàká:
Màmá, irú wọn ò sí nínú ìṣirò yẹn. Ẹni tí ò bá wá iṣẹ́ mọ́, wọn kì í kà á mọ́ àwọn tí ò níṣẹ́. ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ní kárí ayé, iye ọ̀dọ́ tó níṣẹ́ fi 8.7% dínkù lọ́dún 2020, ti àgbà 3.7%, nítorí náà ọ̀dọ́ ló kọ́kọ́ bá. Àmọ́ ọmọ ọdún 23 lè kọ́ iṣẹ́ mìíràn, ta ló máa gba ẹni ọdún 54?

Ọmọ Ìjàpọ̀:
Ẹ kú ìfaradà mà. Ṣé bàbá ti wá ríṣẹ́?

Ìyá Ìbejì:
Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ìṣirò ní pálọ̀ wa, mẹ́rin ni wọ́n. Bó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n á wọ bàtà ìkọ́ni wọn.