Lẹ́yìn ìkọlù ọkàn: báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ẹni tí ewu ṣì ń dúró dè?

Ìyá Ìbejì, London

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ ìtàn ìkọlù ọkàn tí a ń kọ síbí ló ń parí síbi tí wọ́n ti gba ẹni náà là. Ohun tó tẹ̀lé e ni mo fẹ́ sọ.

Wọ́n ti ṣí iṣan tó dí fún baálé mi, wọ́n ti fi stẹ́ǹtì (ihò onírin kékeré tí kì í jẹ́ kí iṣan tún dí) sí i, ó ti ń jẹun dáadáa. Dókítà wá ní ewu kan ṣì kù. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé lára ọkàn ti kú, àpá ló máa rọ́pò rẹ̀. Iná tó ń mú ọkàn lù kì í gba inú àpá kọjá bó ṣe yẹ. Ó lè yà sí etí rẹ̀ kó máa pòòyì níbẹ̀, kí ọkàn máa sáré àsápajúdé, tàbí kó kàn máa gbọ̀n lásán láìtú ẹ̀jẹ̀ jáde. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ̀mí ti bọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ dókítà, báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ó máa ṣe tiwa?" Ó ní ẹ̀kò (echo), àyẹ̀wò tó ń fi ìró ya àwòrán ọkàn, ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò: nínú ẹ̀jẹ̀ tó kún yàrá ọkàn, ìdá mélòó ló ń tì jáde nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá lù? Ọkàn tó pé máa ń ti bí ìdá 55 nínú 100 jáde, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá wá sí 35 tàbí kó dín, wọ́n á máa gbèrò ICD, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ àyà láti máa ṣọ́ ọkàn tọ̀sán-tòru, tó máa fi iná dá a padà bó bá ṣìnà. Baálé mi ní 30.

Mo ní kí wọ́n fi sí i kíá. Wọ́n kọ̀. Apá kan ọkàn lè rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn ìkọlù, kí oògùn sì tún gbé e dìde. Wọ́n ti dán an wò nínú ìwádìí DINAMIT, tó jáde ní 2004: àwọn tí wọ́n fi ẹ̀rọ náà sí láàárín ọjọ́ 6 sí 40 kò tìtorí rẹ̀ pẹ́ láyé ju àwọn tí wọn kò fi sí. Nítorí náà ó kéré tán, ọjọ́ 40 gbọ́dọ̀ kọjá. Fún ẹni tí wọ́n fi stẹ́ǹtì sí, bí oṣù mẹ́ta. Ẹ̀yin ará, àkókò yẹn gùn! Mo máa ń jí lóru láti gbọ́ bó ṣe ń mí. Nígbà tí wọ́n tún ẹ̀kò ṣe, ó ti gòkè dé 44. Kò gba ẹ̀rọ mọ́. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Bàbá Tóyìn, Houston

Ẹ kú oríire, Ìyá Ìbejì. Ní tèmi, nọ́ńbà náà kò gòkè. Ó dúró sí 25, wọ́n sì fi ICD sókè àyà mi lápá òsì. Ó pẹ́ tó ti wà níbẹ̀ tí n kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, ojú mi ṣú, nǹkan kan sì gbá mi láyà bí ìgbà tí ẹṣin bá ta ènìyàn nípàá. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀rọ náà wò, ó ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: wákàtí, bí ọkàn ṣe yára tó, àti iná tó fi dá a padà. Ẹ̀mí mi ló gbà lọ́jọ́ náà.

Ọmọ Ìbàdàn

Nọ́ńbà ẹ̀kò ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi jẹ́ 48. Wọ́n ní ó dára, kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ó ṣubú nínú àgbàlá lọ́sàn-án gangan, kò sì jí mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé nọ́ńbà yẹn parọ́ ni?

Nọ́ọ̀sì Ọkàn, Leeds

Ẹ kú ará fẹ́ra kù, àbúrò. Kò parọ́, àmọ́ kò rí gbogbo rẹ̀. Ewu ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré ló ga jù, ṣùgbọ́n àwọn tí tiwọn kọjá 35 ló pọ̀ jù, nítorí náà àárín wọn ni èyí tó pọ̀ jù nínú ikú òjijì yìí ti ń wá. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníwádìí fi ń wá nǹkan mìíràn kún un, bíi MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, tó ń fi bí àpá ṣe tóbi tó hàn.

Nígbà kan rí, ìlù ọkàn tó ń ta yọ láìtó àsìkò ni àwọn dókítà dì mú bí àmì ewu, wọ́n sì ń fi oògùn pa á. Ìwádìí CAST wá fi hàn ní 1989 pé àwọn tó lo encainide tàbí flecainide ń kú ju àwọn tí kò lò ó lọ. Àmì náà ń lọ, ikú ń pọ̀ sí i.

Ohun tí mo máa ń bi àwọn aláìsàn mi ni pé, láti ìgbà ìkọlù náà, ṣé ojú yín ti ṣú lójijì rí, àbí ẹ ti dákú? Bó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò o, ẹ sáré lọ sí ọsibítù. Ẹ má sì dá beta-blocker, oògùn tó ń mú kí ọkàn rọra lù, dúró fúnra yín nítorí pé ara ti yá.

Ìyá Ìbejì, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ìwé èsì ẹ̀kò méjèèjì, 30 àti 44, kí ẹ tọ́jú wọn pa mọ́. Dókítà yòówù tó bá máa yẹ baálé yín wò lọ́jọ́ iwájú máa fẹ́ mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.