Ọ̀gá ò fún mi ní lìífù, ó ní kí n gba ₦10,000

Àdùkẹ́: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, inú ń bí mi gan-an ni. Ibi tí wọ́n ti ń di bísíkíìtì sínú páálí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá ti bèèrè lìífù, ọ̀gá á ní kí n dúró dìgbà tí iṣẹ́ bá rọlẹ̀. Iṣẹ́ ò sì rọlẹ̀ rí! Ọmọ tó dé lẹ́yìn mi ti lọ tiẹ̀, ó ti bọ̀, ó tún kó ọsàn wá fún wọn ní ọ́fíìsì. Èmi tí mo máa ń ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ ni wọn ò rí. Ọjọ́ 3 tí ibà dá mi dúbúlẹ̀ nínú oṣù kẹta, ó ní lìífù mi nìyẹn. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó na ₦10,000 sí mi, ó ní kí n fi rọ́pò lìífù, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Ṣé òfin tiẹ̀ wà ní Nàìjíríà yìí?

Bọ̀dá Ṣẹ́gun: Ó wà. Abala 18 nínú Labour Act: òṣìṣẹ́ tó bá ti lo oṣù 12 láìdáwọ́dúró gbọ́dọ̀ gba ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 6, ó kéré tán, pẹ̀lú owó pípé. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 16 máa gba 12. Ṣùgbọ́n ẹ ò sọ ìgbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Oṣù mélòó ni?

Ìyá Tòyìn: Ọjọ́ 6 kẹ̀? Ọjọ́ 20 lèmi mọ̀ o.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun: Ìyá Tòyìn, ẹ má ṣì wọ́n lọ́nà. Ìwé àdéhùn ilé iṣẹ́ lè fúnni ní 20, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba náà sì ní ìlànà tiwọn. Ọjọ́ 6 ni ibi tí agbanisíṣẹ́ kankan ò gbọdọ̀ já wálẹ̀ kọjá.

Àlàbí: Ẹ má gba ₦10,000 yẹn. Abala 18 kan náà ló sọ pé kò bófin mu kí agbanisíṣẹ́ sanwó dípò ìsinmi fún ẹni tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ti ibà yẹn, abala 16 ló ni ín: ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún, pẹ̀lú owó, bí dókítà bá ti kọ̀wé sí i. Kò kan lìífù rárá. Ṣé ìwé dókítà wà lọ́wọ́?

Àdùkẹ́: Ó wà nínú báàgì mi. Ẹ ò rí i pé ó ń rẹ́ mi jẹ?

Ìyá Tòyìn: A kì í kọ owó. Gbà á, kí o tún béèrè lìífù rẹ.

Àlàbí: Ìyá Tòyìn, bó bá lọ buwọ́ lùwé pé òun gbà á dípò lìífù, ìwé yẹn gan-an ni ọ̀gá máa gbé síta bí ọ̀rọ̀ bá dé kọ́ọ̀tù.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun: Àdùkẹ́, mo ṣì ń bi yín: oṣù mélòó?

Àdùkẹ́: Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún tó kọjá ni. Ó tiẹ̀ ti sú mi. Mo ti fún un ní lẹ́tà pé mò ń fiṣẹ́ sílẹ̀, ọjọ́ 7 oṣù kẹfà yìí ni mò ń lọ. Mo kàn fẹ́ kó mọ̀ pé òfin wà ni.

Àlàbí: Háà! Èyí ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ! Gbogbo ohun tá a ti ń sọ yí padà nìyẹn. Ọjọ́ 6 yín pé nígbà tí ọdún tó kọjá parí. Òfin gbà kí ẹ̀yin àti ọ̀gá jọ fohùn ṣọ̀kan láti sún un síwájú, kó má ṣáà kọjá oṣù 24 láti ọjọ́ tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá lọ lọ́jọ́ 7 láì tíì gbà á, wàhálà nìyẹn. Ti ọdún yìí ló tún wá dùn mí jù: ẹni tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ti lo oṣù 6, ó kéré tán, láti ìgbà tí lìífù rẹ̀ ti pé kó tó lè gba owó lìífù fún oṣù tó fi ṣiṣẹ́ lẹ́yìn náà. Oṣù 5 àti ọ̀sẹ̀ kan ni tiyín. Ọjọ́ 30 oṣù yìí ni oṣù 6 máa pé.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun: Eélòó ni owó oṣù yín, ká fi ṣírò ohun tẹ́ ẹ máa gbà bẹ́ ẹ bá dúró pé oṣù 6?

Àdùkẹ́: ₦84,000. ₦6,000 inú ẹ̀, owó ọkọ̀ ni.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun: Ẹ yọ owó ọkọ̀, torí òfin ò ka àlàwáǹsì àti owó ofataìmù mọ́ ọn. Ó ku ₦78,000. Ẹ sọ ọ́ di oṣù 12, ẹ fi 52 pín in: ₦18,000 lọ́sẹ̀ kan. Ìdá kan nínú owó ọ̀sẹ̀ kan ni òfin ní kí wọ́n san: oṣù 6 nínú 12 jẹ́ ìdajì, ₦9,000 nìyẹn. Yàtọ̀ sí ọjọ́ 6 tẹ́ ẹ máa sinmi o.

Ìyá Tòyìn: Ta ló ní kó sáré kọ lẹ́tà? Ìbínú!

Àdùkẹ́: Mi ò lè lọ bẹ ọkùnrin yẹn, ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n ni.

Àlàbí: Ẹ̀bẹ̀ kọ́. Lẹ́tà tẹ́ ẹ ti fún un ti múlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló kù sí bóyá ó máa gbà kẹ́ ẹ yí i padà. Ẹ kọ òmíràn lónìí: "Mo fẹ́ kí ọjọ́ tí mo máa lọ di ọjọ́ 30 oṣù kẹfà, kí ọjọ́ iṣẹ́ 6 tó gbẹ̀yìn sì jẹ́ lìífù mi ti ọdún tó kọjá." Òun náà á ráyè wá ẹni tó máa rọ́pò yín, ìyẹn lè mú un gbà. Bó bá kọ̀, ẹ gbé lẹ́tà méjèèjì àti ìwé ìgbanisíṣẹ́ lọ sí ọ́fíìsì Ministry of Labour tó wà ní ìpínlẹ̀ yín, fún ti ọjọ́ 6 ọdún tó kọjá.

Àdùkẹ́: Ṣé mo lè fọwọ́ kọ ọ́?

Àlàbí: Bẹ́ẹ̀ ni. Kó jẹ́ méjì. Kí ọ̀gá buwọ́ lu ọ̀kan, kó kọ déètì sí i, ẹ mú ìyẹn padà. Bó bá kọ̀ láti buwọ́ lù ú, ẹ ya fọ́tò lẹ́tà náà, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp.